Ẹ Bi Wọ́n Pé Kí Ló Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìn Ìyẹn: Ohun Tí Ọ̀rọ̀ Owó Orí Fojú Ilé Wa Rí Ní Amẹ́ríkà

Àwọn awakọ̀ akẹ́rù tó jẹ́ ọmọ Yorùbá ní Maryland níbí ni mo ní lọ́kàn bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn àti ìyàwó wọn. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wọn báyìí, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ju ọ̀kan lọ: pé kò sí òfin kankan ní Amẹ́ríkà tó ní kí èèyàn san owó orí lórí owó tó fi òógùn ojú rẹ̀ gbà, pé IRS, àjọ tó ń gba owó orí fún ìjọba Amẹ́ríkà, kàn ń dẹ́rù ba àwọn tí kò mọ òfin ni, pé ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í san kọ́bọ̀. Ọkọ mi gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ fún ọdún bíi mélòó kan. Ohun tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ọdún 2010 la dé, nípasẹ̀ vísà lọ́tìrì, nígbà tí wọn ò tíì yọ Nàìjíríà kúrò nínú rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí ni ọkọ mi ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Níbẹ̀, wọ́n máa ń yọ owó orí kúrò kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Tó bá di oṣù kẹta, a ó fáìlì, ìyẹn ni pé a ó fi ìwé owó orí wa ránṣẹ́ sí IRS, ìjọba á dá díẹ̀ padà fún wa, inú wa á dùn. Kò sẹ́ni tó béèrè òfin nígbà yẹn.

Ní 2013 ó ra tírélà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù fún ilé iṣẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá dúró. Bó ṣe kúrò lórí W-2, ìwé owó oṣù òṣìṣẹ́, nìyẹn, tó bọ́ sórí 1099, ìwé owó tí wọ́n san fún ẹni tó dá dúró. Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún wa ni pé òṣìṣẹ́ lásán ní agbanisíṣẹ́ tó ń bá a san ìdajì owó Social Security àti Medicare (ti ìfẹ̀yìntì àti ìtọ́jú ìlera ọjọ́ ogbó), ṣùgbọ́n ẹni tó dá dúró ló ni gbogbo rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún èrè rẹ̀, kí owó orí gan-an tó wọlé. Kò sì sí ẹni tó ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni wàá máa san án lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́dún: àárín oṣù kẹrin, oṣù kẹfà, oṣù kẹsàn-án, àti àárín oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí oṣù kẹrin 2014 dé, iye tí wọ́n ní kó mú wá tó owó ilé wa fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọmọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ṣe tax lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fóònù ló bá wa kọ ọ́. Kò béèrè owó dísù, kò béèrè owó táyà, kò béèrè owó ìbánigbófò tírélà. Iye tí ilé iṣẹ́ san ló tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní ká fọwọ́ sí i.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbi gbèsè yìí díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Ọkọ mi kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ó máa ń fi oorun du ara rẹ̀, á wa ọkọ̀ láti Baltimore dé Ohio, á tún padà. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ báyìí tí wọ́n wá sọ fún un pé gbèsè ló jẹ, inú á bí i. Àwọn tó ń ta ẹ̀kọ́ pé owó orí kò bófin mu mọ èyí dáadáa. Wọn kì í wá ẹni tí ayé dẹ̀ fún. Ẹni tí bílì ṣẹ̀ṣẹ̀ já lé lórí ni wọ́n ń wá.

Bí ọdún yẹn ṣe ń parí lọ, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ìpàdé kan nínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù dúró níwájú, ó ń ka òfin jáde lórí bí ẹni tó ti há a sórí láti kékeré. Wọ́n san owó ìwọlé. Wọ́n tún san owó fáìlì nípọn kan tó kún fún lẹ́tà tí wọ́n ti kọ sílẹ̀, èèyàn á kàn fi orúkọ tirẹ̀ sí i. Ọkọ mi délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ìyá Tómi, wá jókòó. Fi òfin tó ní kí n san owó orí hàn mí."

"Dádì Tómi, ṣé lọ́yà lẹ fi mí pè ni?"

"Lọ́yà gan-an ò lè fi hàn mí. Kò sí ni."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ń dun èèyàn kọjá sísọ kí ara rẹ̀ máa sọ fún un pé ohun kan kò dáa, kí ẹnu rẹ̀ má rí ohun tó máa fi já a. Alẹ́ lórí alẹ́ ni, ó ń kà á sí mi létí, èmi ń gé ilá, mò ń dákẹ́. Nígbà tó yá mo gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo kà á fúnra mi. Ká sọ tòótọ́, ó dùn ún kà. Ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Ọjọ́ tí àwọn ẹjọ́ náà wáyé pé, orúkọ wọn pé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ṣàyọlò rẹ̀ wà nínú ìdájọ́ lóòótọ́. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá wọn kà ní ilé ìkàwé ni mo tó rí i pé gbogbo ìtàn inú fáìlì náà, àárín ló ti máa ń dúró.

Ẹ jẹ́ kí n mú un níkọ̀ọ̀kan, torí àwọn nǹkan wọ̀nyí náà ni wọ́n ṣì ń tà títí dòní.

Ẹjọ́ Pollock ti 1895 ni wọ́n fi ṣáájú. Lóòótọ́ ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fagi lé owó orí tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin wọn, gbé kalẹ̀ ní 1894, ìyẹn ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó bá ju $4,000 lọ lọ́dún. Àwọn adájọ́ ní owó orí lórí èrè ilé, ilẹ̀ àti ìdókòwò kò bá òfin mu àfi tí wọ́n bá pín in ká ìpínlẹ̀ ní ìwọ̀n iye èèyàn tó ń gbé ibẹ̀. Fáìlì náà dúró síbẹ̀. Kò sọ pé tìtorí ìdájọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣe tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà ṣe. Àtúnṣe kẹrìndínlógún, tó di òfin ní oṣù kejì 1913, sọ ọ́ kedere pé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lágbára láti gba owó orí lórí owó tó ń wọlé fúnni, orísun yòówù kó ti wá, láìpín in ká ìpínlẹ̀. Olùdókòwò kan nínú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Union Pacific, Brushaber lorúkọ rẹ̀, gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ní 1916, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kan náà yìí dá a pé owó orí náà fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Tí o bá bá wọn dé ibẹ̀, wọ́n á ní Àtúnṣe náà kò wọlé dáadáa, pé Ohio kì í ṣe ìpínlẹ̀ gidi nígbà tó fọwọ́ sí i, torí 1953 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìwé tó fi gbà á wọlé. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣe ìwé kan ní 1953, ṣùgbọ́n ohun tó ti wà láti 1803 ni ìwé náà kàn fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ká tiẹ̀ yọ Ohio kúrò, ìpínlẹ̀ 36 ni òfin béèrè nínú 48 tó wà nígbà yẹn, 42 ló sì fọwọ́ sí i nígbẹ̀yìn gbẹ́yín.

Èyí tó wọ ọkọ mi lára jù ni ẹjọ́ Flora ti 1960. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síwájú fáìlì pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ètò owó orí Amẹ́ríkà dá lórí kí èèyàn fínnúfíndọ̀ ṣírò owó rẹ̀ kó sì san án, pé kì í ṣe nípa gbígbẹ́sẹ̀ lé ẹrù èèyàn. Gbólóhùn yẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ìwọ lo máa kọ́kọ́ ṣírò ohun tó tọ́ sí ọ, kì í ṣe pé ìjọba á wá jókòó tì ọ́ nílé kó bá ọ ṣe é. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dé ilé ẹjọ́? Ọkùnrin náà fẹ́ pe ìjọba lẹ́jọ́ láìtíì san gbogbo owó tí wọ́n ní ó jẹ. Ìdájọ́ náà ni pé kó lọ san án tán pátápátá kó tó lè mú ẹjọ́ wá síbẹ̀. Ìwé tó ní kéèyàn san gbogbo rẹ̀ tán ná ni wọ́n gé gbólóhùn kan nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ń kọ́ ọkọ mi pé kó má san nǹkan kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìtàn Cheek, awakọ̀ òfuurufú kan. Wọ́n ní ó jàre ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1991. Wọn ò ní í sọ fún ọ pé ohun tí wọ́n fi dá ẹjọ́ rẹ̀ padà ni pé kí àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́ wò ó bóyá òfin kò yé e lóòótọ́, pé ìdájọ́ yẹn kan náà ní ẹni tí òfin yé, tó kàn gbà pé kò bá ìwé òfin orílẹ̀-èdè mu, kò ní àwíjàre. Wọn ò sì ní í sọ pé nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà gbọ́, ó jẹ̀bi, ó ṣẹ̀wọ̀n. Wesley Snipes, òṣèré fíìmù tí gbogbo wa mọ̀, òun náà wà nínú fáìlì: pé ní 2008 ilé ẹjọ́ ní kò jẹ̀bi ẹ̀sùn jìbìtì. Òótọ́ ni. Wọ́n fo apá tó sọ pé lọ́jọ́ kan náà ó jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́ta pé kò fáìlì owó orí rẹ̀, pé ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un, pé ó wọ ẹ̀wọ̀n ní oṣù kejìlá 2010, tí kò sì jáde títí di 2013.

Ìbéèrè tí ọkọ mi bi mí lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́? Òfin náà wà. Ìwé òfin owó orí, apá 1, ló gbé owó orí náà kalẹ̀. Apá 61 ka owó tí èèyàn gbà fún iṣẹ́ tó ṣe mọ́ owó tó ń wọlé fún un, òun gan-an ló wà ní nọ́ńbà kìíní. Apá 6012 sọ ẹni tó gbọ́dọ̀ fáìlì. Ẹni tó ní èèyàn ò lè fi hàn òun, òun fúnra rẹ̀ ni kò ṣí ìwé.

Nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa Àgbẹ̀kọ̀yà, torí ọkọ mi máa ń fi wọ́n jẹ́rìí. Ọmọ ìtòsí Akánrán ni, bàbá rẹ̀ wà láyé nígbà tí Táfà Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ dìde ní 1968 àti 1969. Á ní, "Àwọn bàbá wa kọ owó orí, ìjọba sì gbà fún wọn." Mo máa ń ro ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí àwọn tó kú nínú ìjà yẹn kò yẹ lẹ́ni tí à ń dárúkọ wọn lásán. Àwọn àgbẹ̀ yẹn kò sọ pé kò sí òfin. Wọ́n ní owó náà ti pọ̀ jù, pé kòkó kò mówó wọlé mọ́, pé àwọn agbowó orí ń yọ àwọn lẹ́nu, pé òkè mẹ́fà ni àwọn máa san. Iye tí agbára wọn ká ni wọ́n dárúkọ. Gbangba ni wọ́n dúró, wọ́n jọ sọ ọ́ pọ̀, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń fi wewu. Lẹ́tà tí ọkùnrin oníkóòtù kọ fún ọkọ mi kò jọ ìyẹn rárá. Ọkọ mi nìkan ló fọwọ́ sí i, ẹni tó kọ ọ́ kò sì sí níbẹ̀.

Oṣù kẹrin 2015 dé. Ó kọ òdo sí gbogbo ìlà tó yẹ kó kọ owó sí lórí Form 1040, ìwé owó orí tí a máa ń fáìlì lọ́dọọdún, ó so lẹ́tà inú fáìlì mọ́ ọn, ó gbé e síwájú mi pé kí n fọwọ́ sí i, ká jọ fáìlì gẹ́gẹ́ bí tọkọtaya bí a ṣe máa ń ṣe. Mo ka ìlà kékeré tó wà lókè ibi ìfọwọ́sí. Ó ní èmi tí mo fọwọ́ sí i ń sọ ọ́ lábẹ́ ìjìyà ìbúra èké pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Owó oṣù mi gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì wà lórí W-2 nínú dúrọ́ọ̀ kan náà tí mo jókòó tì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ búra pé òdo ni?

Mo ní mi ò fọwọ́ sí i. Mo fáìlì tèmi lọ́tọ̀.

Ilé wa kò dùn fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní mo dójú ti òun, pé mo mú ẹ̀rù òyìnbó ju ọ̀rọ̀ ọkọ lọ. Ìyá rẹ̀ pè láti Ìbàdàn, wọ́n ní, "Ìyàwó, ohun tí ọkọ rẹ bá ní kí ẹ ṣe, ẹ jọ ṣe é." Mo ní, "Ẹ ṣé, Màmá." Mo sunkún nínú balùwẹ̀. Fáìlì ọ̀tọ̀ yẹn tún ná mi lówó, torí òṣùwọ̀n ẹni tó dá fáìlì le ju ti tọkọtaya lọ, àwọn ẹ̀dínkù kan sì wà tí a kì í fún un. Síbẹ̀, ẹ̀yin obìnrin, ẹ mọ èyí: tí ẹ bá fọwọ́ sí ìwé kan náà pẹ̀lú ọkọ yín, gbogbo gbèsè tó bá tìdí rẹ̀ yọ ti di tẹ̀yin méjèèjì, kì í ṣe ìlàjì-ìlàjì. IRS lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ìwọ nìkan. Ẹni tó bá ti fọwọ́ sí i láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè kọ Form 8857 láti bẹ̀bẹ̀ pé òun kò mọwọ́ mẹsẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n á wádìí rẹ̀ fínnífínní, gbèdéke sì wà fún un. Kò yẹ kéèyàn dúró dìgbà yẹn.

Lẹ́tà IRS àkọ́kọ́ dé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà. Letter 3176C ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ó ní ohun tó kọ ránṣẹ́ kò ní láárí lábẹ́ òfin, pé wọ́n fún un ní ọgbọ̀n ọjọ́ kó fi èyí tó tọ́ rọ́pò rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ owó ìtanràn $5,000 ń bọ̀. Lójú tèmi, àánú ló wà nínú lẹ́tà yẹn. Ẹni tí ẹ bá mọ̀ tó gba irú rẹ̀, ẹ gbé e lọ́wọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́ kí ọgbọ̀n ọjọ́ náà tó pé. Ọkọ mi pe ọkùnrin oníkóòtù. Ó ní kó fi lẹ́tà tó wà ní ojú ìwé báyìí-báyìí dá wọn lóhùn. $5,000 dé. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin oníkóòtù tún kọ́ ọ pé kó lo Form 1040NR, ti àlejò tí kì í gbé ní Amẹ́ríkà, torí Maryland ló ń gbé, pé "United States" inú òfin kò kọjá Washington, D.C. $5,000 mìíràn tún dé. Gbogbo ìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́, èsì kan náà ni ọkùnrin yẹn máa ń fún un: o kò lo ọ̀rọ̀ tó yẹ, o fi kọ́mà síbi tí kò yẹ, fáìlì tuntun ti jáde, iye rẹ̀ nìyí. Kò sígbà kankan tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ náà ló kùnà.

Ní 2017 ni lẹ́tà tó wúwo jù dé, èyí tó fúnni ní ọjọ́ 90 láti gbé ẹjọ́ lọ sí Tax Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí. IRS ti bá a kọ ìwé owó orí fúnra wọn. Ẹ fetí sí èyí dáadáa, ẹ̀yin onítírélà: tí IRS bá bá ọ kọ ọ́, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni 1099 tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́. Wọn ò rí rìsíìtì dísù rẹ. Wọ́n máa ń ka gbogbo owó tó wọlé sí èrè. Owó tí ọkọ mi jẹ lórí ìwé yẹn lé ní ìlọ́po méjì ohun tó yẹ kó jẹ gan-an. Kódà tó bá dé Tax Court pẹ̀lú àríyànjiyàn inú fáìlì, adájọ́ lágbára láti bu owó ìtanràn tó tó $25,000 lé e. Àwọn tó ta fáìlì fún un ní kó kọ "mi ò gbà á" gàdàgbà sórí lẹ́tà náà, kó dá a padà. Ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 90 pé.

Ọjọ́ Sátidé kan ní 2018, mo lọ ra oúnjẹ ní Lanham. Iṣu, ẹ̀lùbọ́, epo pupa àti pánla ti wà nínú ọ̀rá. Mo fi káàdì sí i, ó kọ̀. Mo tún fi sí i, ó kọ̀. Ọmọbìnrin tó ń gbowó ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, bóyá ẹ̀rọ wa ni." Ó fi káàdì tara rẹ̀ dán an wò, ẹ̀rọ gbà á. Tómi gbé ọ̀rá pánla dání, ó ń wo ojú mi. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo dá gbogbo rẹ̀ padà sórí pẹpẹ, èèyàn mẹ́rin wà lẹ́yìn wa lórí ìlà.

Báńkì ní IRS ti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì náà. Orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí rẹ̀, owó oṣù mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ yẹn ni pé báńkì gbọ́dọ̀ di owó náà mú fún ọjọ́ 21 kó tó fi ránṣẹ́. Àkókò yẹn ni kéèyàn sáré. Mo pe nọ́ńbà tó wà lórí ìwé ìgbẹ́sẹ̀lé, mo fi ìwé owó oṣù mi àti àkọsílẹ̀ báńkì ránṣẹ́ láti fi hàn pé owó tèmi ló ń wọ ibẹ̀. Wọ́n dá apá tèmi padà. Ìwé ìgbẹ́sẹ̀lé náà ti dé ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ń gbé ẹrù fún pẹ̀lú. Wọn ò pè é fún ẹrù mọ́. Ó pe ọkùnrin oníkóòtù, nọ́ńbà náà kò lọ mọ́.

Ó jókòó sínú tírélà nínú ọgbà títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó wọlé, ó ní, "Ìyá Tómi, kí la máa ṣe báyìí?" Mi ò ní, "Mo sọ fún yín." Kò sí ohun tí ìyẹn fẹ́ tún ṣe.

A kọ́kọ́ lọ sí Low Income Taxpayer Clinic, níbi tí àwọn lọ́yà àti akẹ́kọ̀ọ́ òfin ti ń bá ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ dá IRS lóhùn lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó táṣẹ́rẹ́. Owó tó ń wọlé fún wa ti kọjá ààlà wọn, wọ́n júwe enrolled agent kan fún wa, obìnrin àgbàlagbà kan tí ìjọba fún láṣẹ láti ṣojú èèyàn lọ́dọ̀ IRS. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ni rìsíìtì. Àwọn ìwé dísù tí ọkọ mi kàn ń jù sínú páálí lẹ́yìn ìjókòó tírélà láti ọdún yìí wá ló gbà wá sílẹ̀. Wọ́n kọ ìwé owó orí tòótọ́ fún gbogbo ọdún tó ti bàjẹ́, pẹ̀lú Schedule C, ìwé tí a fi ń ka ìnáwó iṣẹ́ ẹni: dísù, táyà, àtúnṣe, ìbánigbófò, owó afárá, owó tírélà gan-an tí òfin ní ká máa yọ, owó oúnjẹ ọjọ́ tó bá sùn sójú ọ̀nà. IRS gbà á, wọ́n tún gbèsè náà ṣírò. Ó wálẹ̀ gan-an. Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn. Lọ́dún 2014 tí inú bí ọkọ mi, ẹ̀tọ́ ni inú tó bí i. Owó náà pọ̀ jù lóòótọ́. Òfin tó ń bú yẹn gan-an ló ní ohun tó máa dín in kù, kò sẹ́ni tó ṣí i fún un.

Ní ti owó ìtanràn $5,000 méjèèjì, Form 14402 wà. Ẹni tó bá ti fáìlì gbogbo èyí tó yẹ, tó sì ti san gbèsè owó orí tó kù tàbí tó ti bá wọn ṣe àdéhùn bó ṣe máa san án, lè bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n dín gbogbo irú ìtanràn bẹ́ẹ̀ kù sí $500. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni. Wọ́n fún un. A bá wọn ṣe àdéhùn láti máa san ìyókù lóṣooṣù, a sì ń san án.

Ibi tí tiwa ti yàtọ̀ sí ti àwọn ọmọ onílẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́yìn sí. Àríyànjiyàn wọ̀nyí, àwọn ọmọ bíbí Amẹ́ríkà ni wọ́n hùmọ̀ rẹ̀. Tó bá já sófo mọ́ wọn lórí, wọ́n á sanwó, bóyá wọ́n á ṣẹ̀wọ̀n, ilé wọn ló ṣì jẹ́. Ẹni tó ń lo green card kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2012, nínú ẹjọ́ Kawashima, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a pé tọkọtaya ará Japan kan tó ní ilé oúnjẹ ní California lè di ẹni tí wọ́n dá padà sílé nítorí ìwé owó orí èké, torí òfin ka jìbìtì tó bá mú ìjọba pàdánù ju $10,000 lọ mọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó lágbára. Wọn ò gbé ọkọ mi lọ sílé ẹjọ́, mo ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó fẹ́ gba ìwé ọmọ ìlú, lọ́yà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ṣí Form N-400 síwájú wa, ó fi ìka sí ìbéèrè kan: ṣé o ti pe ara rẹ ní ẹni tí kì í ṣe olùgbé lórí ìwé owó orí kankan rí? Form 1040NR yẹn wá sí mi lọ́kàn. Ẹni tó gba green card tó wá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun kì í gbé ní Amẹ́ríkà, òfin lè kà á sí pé ó ti sọ ìwé ìgbélùú rẹ̀ nù. Òun ni kó wá fi ẹ̀rí hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin oníkóòtù kò bi í rí bóyá ó ní green card.

Lọ́yà ní kó má tíì fi fọ́ọ̀mù náà sílẹ̀, kó jẹ́ kí àwọn ọdún tó fáìlì dáadáa pọ̀ díẹ̀ sí i lórí àkọsílẹ̀ IRS rẹ̀. Ó ti ń dúró. Ìwé àtúnṣe tó rọ́pò 1040NR náà wà, ìwé àdéhùn ìsanwó wà, ẹ̀rí gbogbo owó tí a ti san wà. Tó bá dé ibi ìbéèrè yẹn, bẹ́ẹ̀ ni ló máa kọ síbẹ̀, torí lábẹ́ ìbúra ni wọ́n ti ń dáhùn ìyẹn náà, á sì kó àwọn ìwé náà kalẹ̀ fún ẹni tó bá jókòó níwájú rẹ̀.